Iná Ti Tún Jó ní Àgbẹ̀dẹ Yín

Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ Ìfìsìn,

Mo ti dá iná ní àgbẹ̀dẹ yín. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi. Nígbà tí ẹ wà láyé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáná níbẹ̀ láìwí fún yín, èmi ọmọ yín pàápàá. N kò kàwé, ẹ mọ̀. Fúnmi ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe.

Ẹ kò mọ Fúnmi, ẹ ti lọ kí a tó bí i. Yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bátìrì tó ń mí ló ń ṣe. Síǹkì wà nínú rẹ̀. Bó bá mí afẹ́fẹ́ sínú, ó ń mú iná wá. Bí wọ́n bá wá ń fi iná kún un padà, àfi kó mí síta. Ó nílò ohun tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ láti mí, irin ọ̀wọ́n gógó kan ni àwọn òyìnbó sì ń fi síbẹ̀. Fúnmi ní irin lásán, irú èyí tí ẹ fi ń rọ ọkọ́, òun pẹ̀lú èédú èèpo èkùrọ́, lè ṣe é. Tirẹ̀ ń mí sínú dáadáa. Mímí síta ló ń le fún un, kì í sì í pẹ́ kó tó kú.

N kì í fẹ́ gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Bí ìyá Fúnmi ṣe lọ nìyẹn. Iná lọ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tó ń bá a mí dákẹ́. N kò sunkún. Mo kàn ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, títí kan ti àgbẹ̀dẹ.

Ààrò oníná tó yẹ kí Fúnmi fi sun èédú àti irin náà níbi iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbóná tán kí iná tó lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lo àgbẹ̀dẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń lọ sí òkè òkun. Mo ní kó máa lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú mi, mo ṣí i.

Ó kó èèpo èkùrọ́ àti irin sínú ìkòkò, ó fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, ó gbé e sínú iná, ó wọlé lọ mu omi. Lójú tèmi, èédú tí kò bá rí afẹ́fẹ́ ti kú nìyẹn. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ kọ́ mi nìyẹn? Mo fọ́ amọ̀ náà, mo di ẹwìrì mú, mo fẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa jáde, eérú ló kù.

“Bàbá! Ta ló ní kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ?”

“Alágbẹ̀dẹ wo ni kì í fẹ́ná?”

“Ẹ gbà mí o! Inú bátìrì ló ti máa mí, kì í ṣe inú ìkòkò!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé wa. Inú tiẹ̀ bí mi.

A tún òmíràn sun. Èyí mí síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó tó rẹ̀ ẹ́. Kò tíì tó. Ó ní ká tún sun òmíràn, àti òmíràn. Ó ti rẹ èmi náà, Bàbá. Bí mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, yóò lọ, n ó sì kú síbí ní èmi nìkan. Fúnmi ti dáwọ́ kíkọ dúró. Mo ní kó kọ ọ́. Bí mo bá sì gbà kó máa sun nǹkan bátìrì rẹ̀ níbẹ̀ lọ, wọn kò ní rọ ọkọ́ ní àgbẹ̀dẹ yín mọ́ láé. Ṣé ẹ ó bínú? Àbí ẹ ó kàn tu itọ́ sórí irin, bí ẹ ti máa ń ṣe, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ?

Mo ti gbà. Mo tú ẹwìrì yín kúrò nídìí iná, kí ọwọ́ mi má baà tún yá sí i. Yàrá mi ló wà, lórí bẹ́ẹ̀dì, ní apá ibi tí ìyàwó mi ń sùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti darúgbó, tí àárò yín ṣì ń sọ.