Ìka Màámi Lórí Bíbélì

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ó ti sú mi. Dókítà ojú ní tí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màámi, ìwọ̀nba ìríran tó ṣẹ́kù máa lọ tán. Èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà. Wọ́n ní ká wá ní Ọjọ́bọ̀. Màámi ní àwọn á kọ́kọ́ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Olúwa. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ náà rèé: wọ́n á dijú, wọ́n á ṣí Bíbélì, wọ́n á fi ìka lé e. Nísinsìnyí tí wọn ò rí lẹ́tà mọ́, èmi ni mò ń ka ibi tí ìka bá bà lé.

Tòní: ta ló bí ta, ta ló bí ta. Màámi ní, "Kò tíì sọ̀rọ̀."

Ìṣẹ́gun, 5
"Dìde." Mo fò sókè! Ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí Bíṣọ́ọ̀bù ṣe wọlé — ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, díákónì lásán, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rìn. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó".) Ó ní Jónà náà gbọ́ "dìde", ó dìde, ó sì gba ibi tí kò yẹ. Ó rán Màámi létí ọba Ásà tó wá oníṣègùn dípò Olúwa, tó sì kú. Mo ní Hesekáyà ńkọ́, tí wòlíì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀? Ó ní mi ò ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
"Ẹ dúró jẹ́ẹ́." A dúró. Ibùsùn tí ilé ìwòsàn fi pamọ́ dè wá di ti ẹlòmíì.

Ẹtì, 8
Mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan nílé ìfọṣọ. Èrò ló gbé mi lọ. Gídíónì béèrè àmì lẹ́ẹ̀mejì — kí irun àgùntàn tutù, kí irun àgùntàn gbẹ — kò sẹ́ni tó bá a wí. Sakaráyà béèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ya odi. Áhásì ní òun ò ní béèrè, wọ́n tún bá a wí. Jésù ní ìran burúkú ló ń wá àmì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe? Ọ̀gá mi ní ṣé ọ̀rọ̀ Gídíónì ni mo máa sọ fún ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì.

Àbámẹ́tà, 9
Àlùfáà ìjọ wa wá gba kóòtù tí wọ́n fún wa fọ̀. Mo dá wọn dúró. Mo ní Ọlọ́run sọ fún Báláámù pé kó máa lọ. Bó ṣe ń lọ, inú tún bí Ọlọ́run. Ṣé a ò ti wọ gàù báyìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run ti kọ́kọ́ ní kó má lọ. Owó ló ń wá, ìyẹn ló fi padà lọ béèrè. "Ẹni tó bá ń béèrè títí, ó ní ìdáhùn tó ń wá." Mo gbà, ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n kí ni Màámi ń wá?

Àìkú, 10
Ìka bọ́ sórí "má fèsì fún òmùgọ̀." Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ní kí n fèsì fún un. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó síwájú mi gbọnrangandan. Mi ò fèsì.

Ìṣẹ́gun, 12
Màámi da tíì gbígbóná sórí ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní ife ló sún. Ife wo ló ń dá sún? Ilé ìwòsàn ti fún wa ní ọjọ́ míì, Ajé tó ń bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní ká kọ́kọ́ gbààwẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi ojú tiyín gbààwẹ̀." Ẹnu mi! Màámi lé àwa méjèèjì jáde ní pálọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo purọ́. Ìka Màámi bọ́ sórí ìwọ̀n aṣọ títa àgọ́, ìgbọ̀nwọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo wá ka ti afọ́jú tí Jésù ní kó lọ wẹ̀ ní Sílóámù, tó wẹ̀, tó sì ríran. Mo kà á geerege.

Màámi ò gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. Wọ́n fi àtàńpàkò wo bí ìwé apá òsì ṣe fẹ́lẹ́ tó. Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo ni Jóhánù ti kó wá sí ìtòsí Jẹ́nẹ́sísì?" Ilẹ̀ ì bá lanu. Mo ka ti aṣọ títa fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín dúró, omi ò dúró.

Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọ̀bẹ, nínú ojú mi! Ẹsẹ yòówù kó jáde, ǹ bá ti rí ibi tí mo máa gbà sá. Ọjọ́ tí 'dìde' jáde, inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ jiyàn."

Gbogbo ìjà tí mo bá Ọlọ́run jà, tí mo bá Bíṣọ́ọ̀bù jà. Mi ò bi Màámi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé ẹ̀rù ń bà yín. Inú ara mi ń bí mi.

Ẹtì, 15
Màámi ní àwọn máa lọ. Wọn ò ṣí nǹkan kan.

Ajé, 18 Oṣù Kẹta
Ilé ìwòsàn. Dókítà tún ojú wọn wò. Láàárín ìgbà tí à ń dúró yìí, ojú òsì ti fọ́ pátápátá. Ti ọ̀tún ni wọ́n máa gbìyànjú. Mo wo Bíṣọ́ọ̀bù. Ó ń wolẹ̀. Gbogbo èébú tí mo ti kó jọ dè é, mi ò rí ọ̀kan sọ.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ ti Màámi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Bíṣọ́ọ̀bù fa Bíbélì yọ, ó ní kí Màámi fi ìka lé e lẹ́ẹ̀kan sí i.  Màámi ní, "Gbé e sápá kan, ọmọ mi. Wá di ọwọ́ mi mú." Ó dì í mú. Mo di èkejì mú. Nọ́ọ̀sì ní ó tó gẹ́ẹ́. A ò fi wọ́n sílẹ̀.