Mítà Kẹtàlélógún

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá

Ihò karùn-ún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àdúgbò Pissy, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ akọ òkúta. Aláriwo — ẹ̀rọ ìlulẹ̀ wa — dé ní aago méje. Ó rò pé òun ló jí àdúgbò. Àwọn obìnrin ti wà nídìí òkúta láti ìdájí.

Iṣẹ́ wa rèé, bí Ọ̀gá Àwòrán ṣe kọ ọ́ sínú ìwé: ká mọ ibi tí òkúta jẹrà dé lábẹ́ ilẹ̀ àfonífojì yìí, ká sì mọ ibi tí omi sápamọ́ sí. Òkúta ti ń jẹrà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti ìgbà tí kò tíì sí ẹni tí yóò kọ ìwé nípa rẹ̀. Ó ti wá rí akọ̀wé báyìí. Inú rẹ̀ á dùn.

Ọ̀gá Àwòrán ni mò ń pè é níbí nìkan. Nítorí àwòrán tó ń gbé kiri nínú tábílẹ́ẹ̀tì. Kí a tó gbẹ́ ihò kankan, wọ́n a na okùn sílẹ̀, wọ́n a fi òòlù lu ilẹ̀, ẹ̀rọ a sì gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe dáhùn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ a ya ohun tó gbọ́: búlúù ni ilẹ̀ rírọ̀, pupa ni akọ òkúta. Ó lẹ́wà gan-an. Bí wọ́n bá fi tẹ aṣọ, Mojí ìyàwó mi á ra ọ̀pá mẹ́fà.

Iṣẹ́ tèmi kéré. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, Khalid tó ń wa Aláriwo á dúró, a ó da èérún òkúta tó jáde sórí tapólì, òkìtì kan fún mítà kan, wọ́n á tò lọ bí ebè. Èmi á wò ó, màá fi ọwọ́ ra á, màá kọ ọ́ sórí fiche, ìwé àkọsílẹ̀ ihò: yangí, amọ̀, òkúta jíjẹrà, òkúta sísán, akọ òkúta. Òfin wa: bí akọ òkúta bá jáde ní mítà mẹ́ta léraléra, a ti kan ìsàlẹ̀, ká dúró. Bí kò bá sí omi, ká rọ sìmẹ́ńtì sí i, ká máa lọ. Mo ti bu ọwọ́ lu mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin, láìsí ẹ̀kán omi kan.

Ibi tí Aláriwo jókòó sí yìí, ti Awa ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta. Ọdún méjìlá ló fi jókòó síbẹ̀ fọ́ òkúta. Ọ̀gá Àwòrán ló bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ̀ — bí omi bá jáde, tàdúgbò yín ni, a ó gbé pọ́ǹpù sí i. Ó bá kó òkúta rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí oníbàárà kì í gbà. Tantie, àǹtí, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìkọjá títì ọlọ́dà ló ti ń ti omi wá nínú àgbá, lójoojúmọ́.

Ó bi mí pé: "Fils, ẹ ti gbẹ́ mẹ́rin. Mélòó ló lómi?" (Fils, ọmọkùnrin: ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ọmọkùnrin náà.) Mo ní sáyẹ́ǹsì là ń ṣe, a kò wá omi nìkan. Ó gbà, ó ní, "D'accord. Ṣé sáyẹ́ǹsì ṣeé sè oúnjẹ?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mítà 9. Yangí tán, amọ̀ bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ Aláriwo bẹ́ lọ́sàn-án. Khalid gun moto lọ sí Gounghin, ó mú ti katakata bọ̀. Mo ní kò lè wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 6

Amọ̀. Amọ̀. Amọ̀. Mo kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá lónìí. Ó ti fẹ́ máa dà bí ewì.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mítà 20: amọ̀ rírọ̀. Mítà 21: ohùn Aláriwo yí padà, ó di igbe. Èérún tó jáde dúdú, ó ní funfun nínú, ó ń dán bí àfọ́kù dígí. Akọ òkúta. 22, bẹ́ẹ̀. 23, bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Àwòrán na tábílẹ́ẹ̀tì sí mi lójú: ibi tí pupa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mítà 21. "Voilà." Ayọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege. Sìmẹ́ńtì ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ó ku kí n bu ọwọ́ lu fiche.

Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún Awa. Ó dúró ti bídọ́ọ̀nù rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó fi ń pọn omi, ó ń wò wá bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ó ní "Barka." Mi ò mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò bu ọwọ́ lù ú. Mo ní bírò mi ti tán. Kò tán. Òun ni mo fi ń kọ èyí.

Ohun tó ń dùn mí: gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí — mo kà á débi tí kò fi jẹ́ kí n sùn mọ́ — sọ pé òkúta kì í kúrò nínú ìjẹrà kó bọ́ sínú ìlera lẹ́ẹ̀kan náà. Sísán ló wà láàárín: mítà mélòó kan tí òkúta ti là yẹ́ẹ́yẹ̀ẹ́yẹ́, ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbé. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá a kọ́kọ́ jókòó, a dìde, a di ògiri mú. Èyí kúrò lórí ibùsùn, ó bẹ́ sínú eré ìje. 20 amọ̀, 21 akọ òkúta. Sísán dà?

Mo bi Ọ̀gá Àwòrán. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Monsieur Oyètúndé, ẹ máa dín ìwé kíkà kù." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Kò síṣẹ́. Mo ní kí n lọ wo ihò náà. Kí ni mo fẹ́ wò? Ihò.

Awa rí mi. "Fils, wá." Ó mú mi gba ẹ̀bá ògiri, a sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń gé òkúta láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi ọ̀pá irin rẹ̀ nawọ́ sí ojú ògiri ilẹ̀.

Òkúta kan wà níbẹ̀, róbótó, ó tó ilé oníyàrá méjì. Èéfín ti sọ iwájú rẹ̀ di dúdú, nítorí táyà ni wọ́n ń jó sí i lára kó lè là. Òkè rẹ̀: amọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: amọ̀. Abẹ́ rẹ̀ — mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ wa á — òkúta jíjẹrà, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀ tí ṣíbí lè gbẹ́ ẹ. Òkúta náà kò dé ibì kankan. Ó kàn jókòó sínú ìjẹrà bí ègé iṣu nínú ọbẹ̀, ohun tó yí i ká ti jẹrà, òun kọ̀.

Awa ní: "Èyí, iná táyà alẹ́ ọjọ́ kan, ó ti là. Kò ní gbòǹgbò. Èyí tó ní gbòǹgbò, ọjọ́ mẹ́ta. Tiyín lọ́hùn-ún, ṣé ó ní gbòǹgbò?"

Mo ní tiwa wà ní mítà mọ́kànlélógún nísàlẹ̀.

"Hẹn. Ṣé ilẹ̀ ibòmíràn ni?"

Ó bi mí pé mítà mélòó la lù nínú rẹ̀ ká tó mọ̀ pé a ti dé ìsàlẹ̀. Mo ní mẹ́ta. Ó kígbe rẹ̀ ní èdè Mooré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Èyí tó wà níwájú mi ju mítà márùn-ún lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń gun moto kọjá létí kòtò yìí. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú férémù ní pálọ̀ ilé wa, ní Dapoya. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo pe Ọ̀gá Àwòrán. Ó ní mẹ́ta ni ìwé àdéhùn wí. Mo pe Khalid. Doyen, àgbà, ló ń pè mí. Ó ní, "Doyen, ohun tí fiche bá wí ni mò ń lù. Bí fiche bá ní mítà mẹ́ta, mo ti parí. Bí fiche bá ní méjì..." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí ọyẹ́ ṣe tètè dé lọ́dún yìí. Ènìyàn burúkú ni Khalid. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo rò ó fún Mojí. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ta ni yóò jìyà rẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀?" Mo ní èmi. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta lẹ fẹ́ kó jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ìlà 23 lórí fiche. Mo kọ: òkúta sísán.

Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Òkìtì 23 wà níwájú mi, ó ń dán, kò sán rárá. Khalid ka fiche, ó wo òkìtì, ó tún ka fiche. "Doyen, ojú mi ò fọ́ o." Ó bá gun Aláriwo.

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì dé ní aago mẹ́jọ. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń po tíì.

24: akọ òkúta.

25: akọ òkúta.

Ó ku ẹyọ kan kí ó pé mẹ́ta. Bí 26 bá tún le, òfin ti sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ kejì wà nínú mi. Mo ti di bírò mú.

Awa kò wá sítòsí. Ó wà ní ẹ̀bá ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ́ òkúta. Òòlù rẹ̀ kò sáré, kò sì dúró. Mo ń gbọ́ ọ nígbàkígbà tí Aláriwo bá mí.

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, nínú mítà 26, igbe Aláriwo já. Ọ̀pá irin wọlẹ̀ lójijì, ó tó gígùn apá. Khalid pariwo, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ohun tó jáde pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀. Òkúta jíjẹrà! Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn ẹrẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìjẹrà títí dé 32. Sísán bẹ̀rẹ̀ ní 33 — sísán tòótọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìwé ṣe wí. 36, èérún tutù. 38, omi bẹ́ sókè, ó kọjá orí Khalid, ó ya bo tapólì, ó gbá gbogbo òkìtì mi lọ. Gbogbo wọn. Títí kan 23.

Awa dé nígbà náà. Ó bu omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Yẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀." Ó wá lọ gbé bídọ́ọ̀nù. Ó gbé méjì.

Ọ̀gá Àwòrán dé lọ́sàn-án, ó ya fọ́tò pẹ̀lú omi. Ó ní àwòrán ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà mo bu ọwọ́ lu fiche, ó gbà á, ó kà á, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn: "Ojú yín ní 23! Bí ẹ kò bá rí sísán yẹn, à bá ti dúró."

Khalid ń wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ẹni tí Olúwa fi omi dá lọ́lá dìde. Mojí gún mi nígbọ̀nwọ́. Mo dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ mo kó fiche mẹ́rin àkọ́kọ́ jáde. Ihò kẹta dára: jíjẹrà, sísán mítà márùn-ún, akọ òkúta. Kò kàn lómi ni. Èkínní: amọ̀ dé 16, akọ òkúta 17, 18, 19. A dúró. Èkejì, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn: amọ̀ dé 14, akọ òkúta 15, 16, 17. A dúró. Ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ní sísán rárá. Sìmẹ́ńtì ti gan sí wọn lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn ló jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí Ọ̀gá Àwòrán. Mo fà á ya. Kí n tó lè sọ pé ká tún mẹ́ta yẹn lù, mo ní láti sọ pé òfin mítà mẹ́ta kò tó. Kí n tó sọ ìyẹn, mo ní láti sọ ohun tí 23 jẹ́ gan-an. Òkìtì ti bá omi lọ. Khalid kò ní sọ. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni olójú àṣá tó rí sísán. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni ẹni tó parọ́ sórí fiche — ta ni yóò wá gba ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ lórí ihò mẹ́ta mìíràn? Ìbéèrè dáadáa ni. Èmi náà á bi í. Iṣẹ́ mi sì parí lóṣù kejìlá, àyàfi tí Ọ̀gá bá ní kí n máa bá a lọ.

Ọjọ́ Ajé, 11

Àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ti gbọ́ nípa omi. Wọ́n rán Awa sí mi: ṣé Aláriwo ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn? Awa ní, "Fils, àbí ilẹ̀ tiwa nìkan ni Ọlọ́run fi omi sí?" Mo ní sáyẹ́ǹsì ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí, bó ṣe ń wo òkúta kó tó gbé òòlù.

Mo kọ lẹ́tà náà tán lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ojú ìwé kan. 23 ló ṣáájú, ihò mẹ́ta tẹ̀ lé e. Mojí kà á. Ó tún àmì Faransé méjì ṣe, ó dá a padà. "Bàbá Tóbi, ẹ ò tíì bu ọwọ́ lù ú."

Ìwé kẹfà tí ọwọ́ mi wà lórí iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bu ọwọ́ lù ú. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ọ̀gá. Ó ti rí i.

Bírò yìí ṣì ń kọ.