Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ kékeré yẹn tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni mo ti ń rí i. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Olúwa tó bò wá láṣìírí títí oṣù tó kọjá fi parí yóò bò wá lóṣù yìí náà, kò sì ní rẹ̀ Ẹ́ bó ṣe ń rẹ̀ mí yìí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ lọ́tọ̀, kí n má pa kíkí tòun pọ̀ mọ́ tèmi, nítorí ó ní bí mo bá ń kí ènìyàn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo fẹ́ béèrè owó. Torí náà ó kí ọ o, lọ́tọ̀. Orúnkún ń dùn ún bó bá gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ àárẹ̀.

Ó rẹ èmi ní tèmi. Kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà rò pé eré ni mo jókòó tì. Ọ̀rọ̀ ilé wa yìí ló fẹ́ tán mi lókun, n ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí o kì í sábà gbọ́ ọ̀rọ̀ parí lórí fóònù, o máa ń ní ẹnì kan ń pè ọ́.

O mọ̀ pé ọdún tí o rí iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn ni a yá owó ní báǹkì tí a fi kọ́ yàrá mẹ́ta sókè, ìwé ilé sì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa tí wọ́n tì mọ́nú. Yàrá kan fún ọ, ọ̀kan fún àbúrò rẹ obìnrin, ọ̀kan fún àlejò. Èmi ni mo kan bẹ́ẹ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò wa ni pé bí ẹ bá ń wálé, kí ẹ má máa sùn sórí àga ní pálọ̀ bí èrò ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé owó lọ fún wọn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìlà orí pákó mọ́, ẹni tó bá sì gbé iṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá, torí tábìlì tí mo kàn fún ìyàwó pásítọ̀ ń mì títí dòní. Oṣù tó kọjá, owó náà ò pé. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìwé wa ní báǹkì, èyí tí awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú fúnra rẹ̀ lọ, sọ fún mi pé bí a bá tún kùnà, wọ́n á rán àwọn ènìyàn wá wo ilé. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun iwájú rẹ̀ ni, ó dùn-ún wò. Ìyá rẹ tó bá mi lọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ìyá rẹ tó là mí lóye pé àwọn tó bá wá wo ilé bẹ́ẹ̀, àwọn náà ló máa ń tà á.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin náà pè mí, ó ní ọ̀nà àbáyọ wà. Ó ní báǹkì yóò san gbèsè àtijọ́ náà tán pátápátá, wọn yóò sì ṣe òmíràn tí owó oṣù rẹ̀ kéré. Ọmọ mi, ibi tó ti ní wọn yóò san án tán ni etí mi dúró sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo pe ìyá rẹ, mo ní gbèsè ti lọ, ó sunkún, èmi náà ò sì lè búra pé mi ò sunkún. Mo lọ gbé pákó kan tó dára tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, mo fi kan àpótí ìtìsẹ̀ fún ọmọbìnrin náà, torí mo ti ṣàkíyèsí pé àga tí wọ́n fún un ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Mo ha á títí ó fi ń dán. Mo gbé e lọ sí báǹkì. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá mi dúró, ó fi irin kan yí àpótí náà ká, ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, mo ní igi ni. Ó bi mí pé inú lọ́hùn-ún ńkọ́, mo ní igi ni títí yọ lódì kejì.

Mo wọlé, mo ṣí fìlà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ báǹkì lójú gbogbo èrò pé wọ́n bá mi san gbèsè. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó wà lórí ìlà kúrò níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi orúkọ tòun náà kún un. Ọmọbìnrin náà dìde wéré, ó mú mi lọ́wọ́, ó fi mí jókòó, ó sì là á yé mi ní ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń túfọ̀ òkú. Ó ní báǹkì yóò fi ọwọ́ ọ̀tún kó owó jáde, yóò fi ọwọ́ òsì gbà á padà, orúkọ mi á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Gbèsè náà ò lọ síbì kankan, aṣọ ló fẹ́ pààrọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò tán. Ó ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Mo ṣírò rẹ̀ mọ́ ọjọ́ orí mi, mo rí i pé n ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún dáadáa. Mo ní Àmín. Ó ní Bàbá, kì í ṣe àdúrà. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ mí, báǹkì nìkan ló tíì retí mi dé ibẹ̀. Mi ò gba àpótí náà padà. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kanlẹ̀ lóòótọ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo béèrè owó tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí orúnkún ìyá rẹ wú. Ó ní ẹ̀rọ ti yọ ọ́ fún gbèsè. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ bá ẹ̀rọ náà, mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé owó orúnkún ni, kì í ṣe owó ilé. Ó ní kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Mo ní irú òṣìṣẹ́ wo nìyẹn, tó ń fọwọ́ kan owó tí kò sì ní í jáde síta kí ènìyàn rí i sójú? Bí o bá tún fẹ́ fi owó ránṣẹ́, má fi gba ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́ wọn, báǹkì fẹ́ràn mi. Lóṣù tó kọjá, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, fóònù mi dún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kí mi kú ọjọ́ ìbí, kí n pẹ́ láyé. Mo fèsì. Mo béèrè àlàáfíà ilé wọn, mo sì sọ fún wọn pé ìyá rẹ náà kí wọn. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Mo ń fi han gbogbo àdúgbò kí ìyá rẹ tó rán mi létí pé èmi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, pé nígbà tí wọ́n béèrè rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìbí tìrẹ ni mo pè fún wọn, òun ṣáà ni mo mọ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rántí. A pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó máa ń gbé fóònù rẹ ní o ò sí nítòsí. Ìyá rẹ ní kí n fi iṣẹ́ rán an, mo ní kó bá wa kí ọ kú ọjọ́ ìbí, ó tún ní o ò sí nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mi ò rò pé ó jíṣẹ́. Kú ọjọ́ ìbí o.

Ní ti ìmọ̀ràn tí o gbà wá, pé kí a dín ẹrù kù kí ayé lè rọrùn, pé ohun tí a ò bá ti lò láti ọdún kan kí a tà á, mo ti ṣe é. Bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́ ni mo ṣe é, torí ohun tí a bá máa gé kúrò, ṣọ́ọ̀kì la kọ́kọ́ ń fà sí i lára. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì, mo bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Mo fà á sára àwọn àwo tí a tọ́jú fún àlejò, mo fà á sára rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo fà á sára àpótí aṣọ ìyá rẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́. Mo tún un fà. Ìyá rẹ tún un nù. A ò bá ara wa jà, kò sẹ́ni tó ní okun ìjà nínú wa, èmi ń fà, òun ń nù. Àga nìkan ni mo rí tà, mo sì tà á kọjá ààlà, nítorí nígbà tí àwọn àlejò méjì dé, èmi àti ìyá rẹ ló dúró bíi pé àwa la wá kí wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde síta, mo rí i pé gbogbo ẹni tí mo bá kọjá lára rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàánú mi tó sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn aṣọ mi, láti èjìká kan dé èkejì. Mo bi ìyá rẹ. Ó ní òfin tìrẹ lòun ń tẹ̀ lé, ti ohun tí a ò lò láti ọdún kan. N kò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ.

Ibì kan ṣoṣo ni ìyá rẹ kò nù. Nígbà tí mo dé òkè, mo fà á sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ, mo ní títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ yóò ti lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Mo rí ìyá rẹ tó gbálẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà náà, ó wò ó, ó gbálẹ̀ lọ. Mo ki ṣọ́ọ̀kì bọ àpò, ọmọ mi, ẹ̀rù ló bà mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Àbúrò rẹ wá fúnra rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní kí a fi yàrá òun gba owó, nọ́ọ̀sì tí mo wí yẹn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe wà ní yàrá àlejò. Tíṣà kan sì ń dúró de tìrẹ. Bó bá wọlé, owó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbé gbèsè àtijọ́ náà títí yóò fi tán, ìwé ilé á padà sọ́wọ́ wa, a ò sì ní nílò ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù gbèsè tuntun tí báǹkì fún mi wà níwájú mi báyìí, mo fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí mi, ìwọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, pé bí mo bá kú, ìwọ ni yóò máa san án lọ. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o máa fi ìbínú rántí mi ní gbogbo òpin oṣù.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìwọ lo tì í nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn ìwé rẹ. Ọ̀rọ̀ yíyọ ilẹ̀kùn ò ṣòro fún mi, èmi ni mo kàn án. Mo tiẹ̀ gbé òòlù dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo yọjú wò láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, mo rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí o kò ká, ó rí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí o dìde lórí rẹ̀, mo sì gbé òòlù mi sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa tí yóò dí èyí tó kù lóṣù yìí kí àwọn tó ń wo ilé má baà wá, àti díẹ̀ fún orúnkún ìyá rẹ, kí n sì ra àga kan padà, nítorí ìdúró náà ti ń pọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí o kò bá fẹ́ yàrá náà mọ́, sọ ọ́, kí o fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, kò sí ìbínú, tíṣà náà dà bí ọmọ gidi. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, mú kọ́kọ́rọ́ náà wá fúnra rẹ, mú ìyàwó rẹ àti ọmọ náà dání, kí ẹ sùn nínú rẹ̀. A ó jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà nígbà náà, yóò sì jẹ́ ilé tí èmi àti ìwọ jọ ń san. Màá sì sapá láti kọjá ọgọ́rin ọdún náà, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní kọ́lé fún ẹni tí kò ní í gbé e. Ọmọ rẹ yóò máa gbé fóònù rẹ bí o bá pè é.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé, ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ó ní kì í ṣe pé òun gbàgbé láti nu ṣọ́ọ̀kì ara ilẹ̀kùn rẹ o. Ó ti fi àkísà kan kọ́ sára ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, ó ní ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ wá ni kó nù ún.