Jíà Tí Mo Tò fún Àbúrò Mi

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Ọkọ̀ Eré-ìje.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kejì mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá rẹ ti ń gbé wọn rìn díẹ̀díẹ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà, àbí ẹ ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti bú mi títí pé mi ò kọ̀wé láti oṣù méjì. Bú mi sí i, ó tọ́ sí mi. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi bàjẹ́, ó bàjẹ́ kọjá ohun tí mo lè sọ lórí fóònù.

Àbúrò mi kò wakọ̀ fún Ọ̀gá mọ́. Èmi ni mo fà á.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ọ̀gá ti sọ fún un pé tí kò bá sí nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìdíje tó kẹ́yìn ọdún yìí, òun á gbé ọkọ̀ òun fún ẹlòmíì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni àbúrò mi. Ta ló tún máa gbé ọkọ̀ eré-ìje fún un? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin lo fi bá wa di aago ìdíje mú, àmọ́ o ò jẹ́ kí ọ́ìlì kàn ọ́ lọ́wọ́ rí, ìwọ aláfẹ́, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Jíà ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Tí mo bá tò ó kúrú, ọkọ̀ á fò jáde ní kọ́nà bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún nídìí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á tètè yí dé òpin, kò sì ní lè sáré ju ibẹ̀ lọ mọ́, bí awakọ̀ tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹná mọ́ ọn. Tí mo bá tò ó gùn, á lọ́ra láti gbéra, àmọ́ tó bá dé ojú ọ̀nà gbọọrọ, á máa lọ ni. Pápá ló ń sọ èyí tí a máa lò. Ìdí nìyẹn tí bàbá wa kì í fi í mú sípánà láìjẹ́ pé àwọn àti awakọ̀ ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin pápá yí ká. O rántí bó o ṣe máa ń rẹ́rìn-ín pé wọ́n ń wọn ilẹ̀ tí wọn ò fẹ́ rà.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rìn ín. Èmi àti àbúrò mi ti jà, ọ̀rọ̀ rádaràda kan, pé mo bá ìyàwó rẹ̀ wí lójú àwọn ọmọ. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ rìn." Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni, inú ló ń bí mi. Mo ṣí ìwé tí mo kọ ètò jíà ọdún tó kọjá sí, mo tò ó kúrú bíi tìgbà yẹn, torí mo mọ̀ pé kọ́nà kan wà láàárín ọ̀nà gbọọrọ tí gbogbo wọn ti máa ń tẹ bíréékì. Kọ́nà yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà ti di tààrà. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n pín fún wa, mo gbé ife tíì lé e láìkà á. Àbúrò mi rìn ín lóun nìkan, ó rí i, ó rò pé mo ti mọ̀. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn, ṣó o rí i? Òjò sì rọ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán ọkọ̀ wò.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó fò jáde, ó dé kọ́nà kẹta, òun ló wà níwájú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n wá já sí ọ̀nà gbọọrọ. Yéè! Ẹ́ńjìnnì ń ké lóhùn kan ṣoṣo, kò lè gòkè mọ́. Ọkọ̀ kan kọjá rẹ̀, òmíì kọjá, òmíì tún kọjá. Tó bá gba ipò méjì padà ní kọ́nà, wọ́n á tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ipò karùn-ún ló ṣe. Mi ò rí ẹni tó wakọ̀ dáadáa báyẹn rí tó tún fìdí rẹmi.

Ọ̀gá sáré dé, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ní, "Ẹsẹ̀ mi ni, Ọ̀gá. Ẹ̀rù bà mí, mi ò tẹná dáadáa." Ọ̀rẹ́ mi, mo dákẹ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dùbúlẹ̀, mo dákẹ́.

Ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀ ni mo tó di apá rẹ̀ mú, mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ìyípo àkọ́kọ́. Tí mo bá sọ ọ́, àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé. Ẹ̀yin ṣì lè ṣiṣẹ́ yìí dọjọ́ alẹ́ yín. Ẹ má sọ fún un o." Ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà báyìí.

Mi ò lè gbé e mì. Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá Ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní kó dá àbúrò mi padà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní ẹlòmíì ti fọwọ́ síwèé. Ó ní ẹsẹ̀ onítọ̀hún gùn, kí n yọ àga àbúrò mi kúrò nínú ọkọ̀, kí n de tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, kí èmi náà máa lọ. Bóòtù mẹ́rin péré ló de àga náà mọ́lẹ̀. Èmi ni mo tú wọn.

Bá mi kí ìyá rẹ, bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Mo mọ̀ pé àbúrò mi á pè ọ́, kì í pẹ́ kó tó pè ọ́. Tó bá béèrè mi, jọ̀ọ́, sọ fún un pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni, ẹni rẹ tí ojú ń tì,
Ìyá Jíà.