Kámẹ́rà Mẹ́gà àti Fótò Bàbá Fasilat

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹfà, 2009

Mẹ́gà tún ti ra kámẹ́rà. Ẹ̀kẹta láàárín ọdún méjì! Ọlábámijí ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mẹ́gà-píksẹ́ẹ̀lì kámẹ́rà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, la ṣe ń pè é ní Mẹ́gà. Àwa méjèèjì la jọ ń ya fótò ní ọgbà ìtura Joubert Park nílẹ̀ àjèjì yìí, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó ní ti ọdún tó kọjá ti di àtijọ́. Ṣé ẹ̀wà àná ni, tó fi kan?

Ọjọ́rú, 3

Kámẹ́rà tuntun ò gba káàdì àtijọ́ — ó ra káàdì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lè ṣí fótò, wọ́n tóbi jù — ó ra kọ̀ǹpútà. Íǹkì ẹ̀rọ tó ń tẹ fótò ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá randi ti wọlẹ̀. Ó wá dúró níwájú mi, ó ní òun kì í náwó, torí òun kì í ra fíìmù. Eish! Owó ń ná an, ó rò pé òun ń tọ́jú owó. Mo yínmú sí i. Láti 1986 ni kámẹ́rà onífíìmù tèmi ti ń ṣiṣẹ́; bátìrì kékeré kan ló ń jẹ lọ́dún.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Otútù. Ẹnì kan ló ya fótò lọ́dọ̀ mi. Mẹ́gà ya mọ́kànlá. Àwọn aráyé ò ní ojú.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Bàbá Fasilat, ọmọbìnrin tó ń dirun ní Hillbrow, ti kú ní Ìwó. Wọ́n ti sin ín. Fasilat ò lè lọ, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde. Ní oṣù kẹrin tí Bàbá wá síbí, àwa méjèèjì la ya á. Kì í fẹ́ràn fótò. Fasilat ní kò sí òmíràn láyé yìí. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mẹ́gà ló kọ́kọ́ lọ bá fún fótò náà o, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mẹ́gà ti pa á rẹ́! Ó jẹ́wọ́ fún Fasilat lójúkojú pé káàdì òun kún, òun ń lọ síbi ìgbéyàwó, òun sì pa á rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Mo sọ fún Fasilat lójú gbogbo èèyàn pé fíìmù kì í gbàgbé, bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú otútù.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo gba fótò ní ilé ìfọfótò. Orí mi!

Fíìmù tí mo fi ya Bàbá, mi ò yà á tán. Mo ká a padà, mo fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ síta lẹ́nu agolo rẹ̀ kí n lè tún lò ó, kí ìyókù má bàa ṣòfò. Mi ò kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Mo gbàgbé, mo tún fi í bọ kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ya ìgbéyàwó kan ní Roodepoort. Ìbòjú ìyàwó bo ojú Bàbá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù nínú òdòdó. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Àfọwọ́fà ni. Èmi àgbà òmùgọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Fasilat wá. Mo ní ilé ìfọfótò ló ba fíìmù jẹ́. Ó gbà mí gbọ́. Ó sunkún, ó ní fún mi pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá Tèmítáyọ̀, ẹ̀yin tiẹ̀ gbìyànjú." Ó wá yíjú sí Ọlábámijí, ó ní láéláé òun ò ní dárí jì í.

Ọlábámijí tẹrí ba, ó bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀. Mò ń nu ojú kámẹ́rà mi.