Méje àti Mọ́kànlá, Èwo Ni Àgbà?

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ, 2025

Kọ̀ǹpútà Abẹ́rẹ́ kú lónìí. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pe Táyé mi nínú ìwé yìí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àti nítorí ẹnu rẹ̀. Ó pè mí láti Ìwàrò-Ọ̀kà, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Òjò àná ló gba ojú páànù wọlé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, òjò ò ríbi balẹ̀ sí àfi orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù rẹ̀, èyí tó fi ń rán àmì sára aṣọ, kò fara pa, ṣùgbọ́n láìsí kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ohun tó máa rán fún un, odi ni.

Báàjì ilé-ìwé Ṣúpárè sì ń bẹ nílẹ̀, ti gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà. Wọ́n fẹ́ gbà á kí sáà tuntun tó wọlé. Kò tíì rí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ gbà rí. Ó ní bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Èkó.

Èkó. Ọmọ tí kì í sọdá títì Jubilee láìdi aṣọ mi mú.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi á ra òmíràn fún un níbí, ní Ìkàrẹ́. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Alága pè. Alága ni Kẹ́hìndé. Ìlọrin ló wà, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì kan, ó sì ń fún gbogbo ayé nímọ̀ràn.

Òun àti Abẹ́rẹ́ ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti Iléyá. Ẹran ló dá a sílẹ̀. Mo ní kí Alága wá pín in, torí òun ni àgbà. Abẹ́rẹ́ ní àgbà ta ni, ṣebí òun lòun kọ́kọ́ jáde. Alága ní, “Èmi ni mo rán ọ níṣẹ́. Mo ní kí o lọ bá mi tọ́ ayé wò. Ta ni wọ́n ń rán níṣẹ́ nílé, àgbà ni àbí ọmọdé?” Abẹ́rẹ́ gbé àpò rẹ̀, ó gba Ọ̀kà lọ láìfọwọ́ kan ẹran. Láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá bí afárá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ó ti gbà á. “Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Windows Seven fún yín o. Eleven ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn tó ṣe Seven ò tọ́jú rẹ̀ mọ́, olè ń gba ibẹ̀ wọlé.” Mo bi í pé ṣé windows tó ń wí yìí, fèrèsé ni. Ó ní rárá, ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, bí ẹ̀mí nínú ara.

Ẹ̀mí tí olè ń gbà wọlé. Ara mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 20

Mo sọ fún Abẹ́rẹ́ pé “ẹnì kan” ní tuntun ló dáa. Ó mọ ẹnì kan náà. Ó ní kí n sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀rọ òun ò gbọ́ èdè tuntun. Ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń ya iṣẹ́ fún un, orí Windows àtijọ́ nìkan ló ti ń dáhùn. Bí wọ́n bá gbé e sórí tuntun, á kàn máa wo èèyàn ni. “Màámi, èyí tó jẹ́ àgbà ni kẹ́ ẹ rà. Àgbà o, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí n má baà gbàgbé: ÀGBÀ.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo fọ̀rọ̀ lọ Bàbá Zacchaeus, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mo ní nínú windows àtijọ́ àti tuntun, èwo ló fara mọ́. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní àtijọ́ ni, kò sí àní-àní. Ó ní tuntun yìí, gíláàsì lásán ni, bọ́ọ̀lù ọmọdé kan á fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ti àtijọ́, igi ìrókò, òun fúnra òun ti kan mẹ́rin tí ọmọ-ọmọ onílé ń ṣí dòní. Mo ní Bàbá, ti kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà wo ló nílò fèrèsé, ṣé ooru ń mú un ni?

Ó yà mí lẹ́nu bí ìbéèrè náà ṣe mọ́gbọ́n dání tó.

Ọjọ́ Jímọ̀, 22

Òjò. Àwọn méjèèjì pè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó kírun tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo ti rà á. Alhamdulillah. Kí n kọ bí mo ṣe ṣe é, torí ó wú mi lórí.

Ṣọ́ọ̀bù Iyìọlá ni, ní Jubilee. Ọmọ Ìṣùà ni. Ó ń fi èdè wọn bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí mo wọlé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín sínú fóònù. Mo di àpò mi mú dáadáa. Ó gbé méjì síwájú mi. “Màmá, Seven nìyí, Eleven nìyí. Èwo lẹ fẹ́?”

Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mo dá a rò fúnra mi. Ọmọ ọdún méje àti ọmọ ọdún mọ́kànlá, ta ni yóò kúnlẹ̀ kí ta ni? Ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dá mi lójú. Mo bi í pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló kọ́kọ́ dé ayé? Ó ní Seven ni. Mo ní, “Eleven ló kẹ́yìn dé?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi tí mo bí ìbejì. Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ẹni tó kẹ́yìn dé ni àgbà, iṣẹ́ ló rán èkejì. Ọ̀nà méjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Mo ní, “Di Eleven fún mi. Òun ni àgbà.” Iyìọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Màmá mọ àwàdà. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Mo gbé Mọ́kànlá lọ Ìwàrò, mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Abẹ́rẹ́ dì mọ́ mi. Ó tú u, ó tàn án — ojú rẹ̀ bá yí padà. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, bóyá á ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ò mira. Ó ní, “Màámi, mo ní àgbà.” Mo ní àgbà mà nìyẹn.

Mo ṣàlàyé. Ọdún méje, ọdún mọ́kànlá. Táyé, Kẹ́hìndé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni etí ara mi ń gbọ́ mi.

Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, jẹ́jẹ́, “Ẹ ti gbọ́ ti ẹnì kan. Ṣebí nílé wa, ẹni tó bá kẹ́yìn dé ló máa ń jẹ́ àgbà.”

Mo wọkọ̀ padà. Mo gbàgbé abọ́ ọbẹ̀ mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25

Abẹ́rẹ́ ti pa fóònù rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Mo padà sọ́dọ̀ Iyìọlá. Méje tó ní, ẹnì kan ti wá gbé e lọ Àkùngbá. Mo ní kó yọ Mọ́kànlá inú tèmi, kó fi Méje rọ́pò. Ó ní ara tuntun yìí ò gba ẹ̀mí àtijọ́. Ó ṣe mí bíi pé èmi ló ń bá wí. Ó ní òun á bá mi wá òmíràn, ṣùgbọ́n kò ní yá. Lẹ́yìn náà ló wá yé e pé mi ò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ẹ̀rín ṣì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀ mí.

Ìyàwó tó wà ní ilé kejì sí ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní Abẹ́rẹ́ ń di ẹrù.

Ọjọ́rú, 27

Mo pe Alága. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé fóònù sílẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lókèèrè. Mo jẹ́ kó rín in tán, mo wá sọ ti ẹrù tó ń dì.

Ẹ̀rín dúró. Ó ní ṣé ó sunkún? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Ó sunkún.” Ó gé fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Alága ti dé. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó gbé nǹkan kan tó fi táwẹ̀lì ìwẹ̀ wé. Mo tú u. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ilé-ìwé gíga ni, èyí tí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ti ká bí eyín. Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀.

Ó wo òrùlé. “Seven.”

Ẹni tó ní olè ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní géèmù bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀ tí tuntun ò gbà, ìyẹn lòun ò ṣe jù ú nù. Ó ní bí èèyàn ò bá ti jẹ́ kó rí íńtánẹ́ẹ̀tì, olè ò rọ́nà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ èyí lọ́jọ́ kìíní. Ó ní mi ò bi òun.

A jọ lọ Ìwàrò. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi okùn dì wọ́n. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Abẹ́rẹ́ ní, “Màámi, ẹ ní kó fún mi ní wáyà.” Wáyà ń bẹ láàárín wọn, ọwọ́ àwọn méjèèjì tó o. Mo mú un, mo gbé e fún un. Alága ní, “Màámi, ẹ bi í ibi tó kó iṣẹ́ Ṣúpárè sí.” Mo bi í. Orí fìláàṣì ni, nǹkan kékeré tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí. Mo gbé fìláàṣì.

Báyìí ni mo ṣe ń lọ tí mò ń bọ̀ títí ẹ̀rọ fi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gún aṣọ, táta-táta. Ìdí igi ọ̀pẹ tó wà lára báàjì ilé-ìwé náà yọ. Imọ̀ ọ̀pẹ yọ.

“Ó ń ṣe é,” Alága wí.

“Mo rí i,” Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Mo jókòó sórí àpótí kan. Mi ò fẹ́ kó tètè rántí pé òun di ẹrù.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Alága gba ìsinmi, ó ṣì ń bẹ ní Ìwàrò. Àwọn kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì kan báyìí. Mọ́kànlá ló ń bá ayé sọ̀rọ̀: àwòrán tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Méje ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn. Fìláàṣì ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo mọ bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo wà níbẹ̀ lónìí, mo fojú ara mi rí i.

Báàjì kù díẹ̀ kó tán. Ilé-ìwé Ṣúpárè ní kí wọ́n gbé èyí tó ti parí wá, àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gba ìyókù, bí kò bá dáa, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ ò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Kẹ́hìndé, gbé e lọ. Lọ bá mi wò ó bóyá wọ́n á gbà á.”

Mo mí sínú. Mo dúró de “àgbà ta ni?”

Alága gbé àpò, ó pe ọlọ́kadà, ó lọ.

A ń wo fóònù. Ojú Abẹ́rẹ́ ò kúrò lára aṣọ, ṣùgbọ́n ó ti rán lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dún, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. Alága ò kí wa. Ó kàn ní, “Ó dára. Wọ́n gbà á. Wọ́n tún fẹ́ ti àwọn olùkọ́. Máa bọ̀.”

Abẹ́rẹ́ wò mí. Mo wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu tèmi.

Ẹran Iléyá ọdún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó pín in.