Lítà Mélòó Ni Bela?

Nevija ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé tí wọ́n bí ọ sí. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Zagreb kò mú ọ jù? Kí Ọlọ́run tó mọ iye àtẹ̀gùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́ máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kí Ìyá Olúwa má sì jẹ́ kí o máa dá jẹun láàárín àwọn èèyàn tí kì í kí ara wọn. Èmi náà wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ ẹnu ò dùn mí, ohun tí Fuma sì ń kérora lé lórí nìyẹn níbi tó jókòó sí. Òun ló ń bá mi kọ ọ́, torí pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé, màlúù bàbá mi ni mò ń dà kiri. Mo sọ fún un pé ohun tí mo bá ti sọ ni kó kọ, kó má ṣe bu iyọ̀ sí i. Ó ní òun ò tíì rí ọbẹ̀ tí òun fẹ́ bu iyọ̀ sí.

A ti fún èso àjàrà tán, ó ń hó nínú àgbá. Ewúrẹ́ Berto tún wọ ọgbà wa, ó jẹ gbogbo kábéèjì, Berto wá ní kábéèjì náà ló na ọrùn jáde. A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà mo nílò katakata rẹ̀, mo bá dárí jì í.

Ọ̀rọ̀ katakata yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní kí n lọ wo ọkọ̀ tí o fẹ́ rà fún mi lọ́wọ́ Libero ní Pazin, kí n wò ó bóyá bùùtù rẹ̀ á gba àgò ajá méjèèjì pẹ̀lú ẹrù mi, kí n sì fún ọ lésì kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, torí pé Libero ò ní dá a dúró ju ìgbà yẹn lọ. O mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ mí lógún. Láti oṣù Kẹta tí ọkọ̀ wa àtijọ́ ti kú, Bela, àgbà nínú àwọn ajá wa, ò tíì fi ẹsẹ̀ kan igbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, orúnkún rẹ̀ ti gan, kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé etí odò mọ́. Olú abẹ́ ilẹ̀ olówó gọbọi tí ajá máa ń fi imú wá sì ti ń jáde báyìí, àwọn ẹlòmíì ti ń wú u. Gigo lè rìn, àmọ́ kò tíì mọ nǹkan kan. Ó wú èkúté méjì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé wọn sí iwájú mi, ó ń ju ìrù bí ẹni pé mo máa rí i tà. Bela ló yẹ kó fi ibi tí wọ́n ń ki imú sí hàn án. Àràárọ̀ ni ìyá àgbà yẹn máa ń lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ti kú, á gbójú lé ilẹ̀kùn bùùtù. Ìyá rẹ ló fi épírọ́ọ̀nù gbé e wálé nígbà tó kéré bí ìbọ̀sẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe wí fún un pé kó dìde ńlẹ̀, kò sí ọkọ̀ mọ́.

Ìwé tí o fi sórí fóònù Fuma ní bùùtù náà gba irinwó lítà. Inú mi dùn nígbà tí Fuma kà á. Mo ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé wáìnì làwa ń gbé. Irinwó lítà, ìgò ńlá onílítà àádọ́ta mẹ́jọ géérégé nìyẹn. Àmọ́ o ò sọ iye lítà tí ajá jẹ́, ìwé náà ò sì sọ ọ́. Mo bá pọn omi kún ọpọ́n tí a fi ń tẹ èso àjàrà títí ó fi dé ẹnu, mo ki Gigo bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn, Fuma ń fi ìgò lítà kan wọn omi tó ṣàn dànù sínú agbada. Lítà mẹ́rìnlá. Mo fi lítà kan kún un fún orí. Ti Bela, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo lò nítorí orúnkún rẹ̀. Òun pẹ̀lú orí, lítà mẹ́tàdínlógún. Fuma ní àfi kí n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí òun rí Bela tó ń lá omi náà. Mo fi ọkọ́, àpò àti bàtà òjò kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogójì lítà. Nevija, nínú irinwó! Ó kù díẹ̀ kí n ránṣẹ́ sí ọ pé kí wọ́n gé ọkọ̀ náà kù, kí wọ́n sì gé owó rẹ̀ kù pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n mi ò kì í ra nǹkan lórí ìwé. Lánàá ọjọ́ Ajé, èmi àti Berto kó ìgò ńlá mẹ́jọ sẹ́yìn katakata, pẹ̀lú àwọn ajá àti àgò wọn, ó di Pazin. Libero rí wa, ó ní ẹ káàbọ̀, ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ ni? Mo ṣí bùùtù, mo ń to ìgò. Ẹyọ kan wọlé, èkejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé, ó tán. Mo ní Libero, lítà àádọ́jọ rèé, níbo lo kó àádọ́ta-lé-nígba tó kù sí? Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní Baba Zvane, kì í ṣe lítà wáìnì, àyè tó ṣófo ni wọ́n fi lítà kà. Mo ní ta ló ń gbé àyè tó ṣófo lọ sọ́jà? Ó ní igi kéékèèké ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà kan, wọ́n á tò ó dé àjà, dé abẹ́ ilẹ̀ bùùtù, dé gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á wá kà á. Mo bi í pé ṣé àgbàlagbà ló ń ṣe eré yẹn? Ó ní àgbàlagbà ni. Berto ní ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn? Ó ní wọ́n ń sanwó fún wọn. Berto ní kó bá òun béèrè bóyá àyè iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Libero wá bẹ̀ mí, ó ní Baba, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbàgbé lítà, ẹ gbé àgò àwọn ajá yín wá. Àwọn àgò tí mo fi pákó àgbá kàn fúnra mi ni. A gbé ti Gigo wọlé, ó wọlé wẹ́rẹ́, Gigo náà sì wà nínú rẹ̀. A gbé ti Bela, ó kọ̀. A yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ̀. Ibi tí táyà wú wọnú bùùtù ló fa gbogbo ẹ̀, ìka méjì péré ló ṣẹ́ kù kó wọlé. Nínú irinwó lítà, ọmọ mi, ìka méjì!

Libero nu ojú, ó ní ẹ fi ìyá arúgbó yìí sílẹ̀ nílé jàre, ó ti tó kó fẹ̀yìn tì, ajá kan, àgò kan, ẹ máa lọ. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí i. Mo ní mi ò ra ọkọ̀ mọ́. Mo ti ń kó ìgò mi padà, Berto sì ń sọ pé orí kunkun mi yìí ló máa pa mí, nígbà tí mo gbọ́ tí Gigo ké.

Bela ti fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé etí bùùtù. Kò lè fò, ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń wò mí. Berto tì í nídìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn àgò Gigo. O mọ Gigo, tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà sí ibùsùn rẹ̀, tó gé bàtà àlùfáà jẹ. Ó sún. Ó ká ara rẹ̀ jọ sí igun kan, Bela wọlé, ó yí ara po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dùbúlẹ̀, Gigo gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn. Lítà méjìlélọ́gbọ̀n nínú àgò kan ṣoṣo. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ́ wọlé, àpò wọlé, bàtà wọlé, ìgò ńlá kan sì tún wọlé lé e.

Libero ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí Bela wá sọ̀kalẹ̀ títí owó á fi dé. Bela ò sọ̀kalẹ̀. Libero na ọwọ́ sí i, Bela fi eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu rẹ̀ hàn án. Mo ní èmi náà ò lè fipá fa ìyá àgbà. Nígbà tó yá, Libero wa ọkọ̀ náà wá sílé wa tòun tàwọn ajá, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Berto sì fi katakata gbé e padà. Ó ní bí òun ò bá rí owó nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì bá pé, òun á wá gbé ọkọ̀ òun pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Mo ní kó má gbàgbé láti wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó náà ránṣẹ́. Fuma ní báńkì á gbé e dé ọ̀dọ̀ Libero láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò fẹ́ kí o gbára lé ìyẹn. Sọ fún ẹni tó máa gbé e pé kó gbéra lọ́la Ọjọ́rú, torí pé afẹ́fẹ́ òkè lè dí ọ̀nà níwájú ihò tí ọ̀nà gbà kọjá lábẹ́ òkè Učka. Fi owó epo díẹ̀ kún un, àti aṣọ àtijọ́ kan tó nípọn tí mo lè tẹ́ sínú àgò. Fuma ní òun á fi fóònù ya lẹ́tà yìí, wàá sì rí i lónìí. Síbẹ̀, màá lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, màá fi ránṣẹ́, kí o má bàa pàdánù ọ̀rọ̀ mi bí fóònù náà ò bá rí ìwé kà.

Má bínú sí bí ìkọ̀wé Fuma ṣe wọ́, orí orúnkún ló ti ń kọ ọ́. Inú ọkọ̀ náà la wà láti àárọ̀, nínú àgbàlá, èmi nídìí ọwọ́ ọkọ̀, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a bá ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Bela á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rò pé a ti ń lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lọ lóòótọ́. Kí ó pa ọ́ mọ́, kí ó fi ohun rere san án fún ọ, kí ó sì mú ọ délé lọ́jọ́ Martin Mímọ́ tí wáìnì tuntun bá jáde. Àpò rẹ á gba ibi tí ìgò kan yẹn wà nínú bùùtù. Mo ti fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zvane